Aṣọ Ẹbí Kọ́ Ni Yóò Gbé Wa Léfòó Lójú Omi

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá Kàdúná, láti Kakuri dé Kawo, láti Sabon Tasha dé Tudun Wada, àti ẹ̀yin tí ẹ ti kó lọ sókè òkun tí ọkàn yín ṣì wà nílé, ẹ̀yin ni à ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa.

Àwòrán erékùṣù kan ni àwọn èèyàn wa ń fi ránṣẹ́ síra wọn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Mackinac ni orúkọ rẹ̀. Inú adágún Huron ló wà, ní ìpínlẹ̀ Michigan l'Amẹ́ríkà. Adágún ńlá márùn-ún ló wà lágbègbè yẹn, omi tí kò ní iyọ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n sì fẹ̀ débi pé ẹni tó dúró létí wọn lè má rí òdìkejì. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn èèyàn ń wọ̀ lọ gbafẹ́ lórí wọn. Tí wọ́n bá wá gúnlẹ̀ sí Mackinac, mọ́tò kò sí níbẹ̀. Láti ọdún 1898 ni wọ́n ti ṣòfin pé ọkọ̀ onínjìnnì kò gbọdọ̀ rìn nílùú náà, torí pé ó ń dẹ́rù ba ẹṣin. Ẹṣin, kẹ̀kẹ́ ológeere àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lò títí dòní. Títì kan yí erékùṣù náà ká, ó tó kìlómítà 13, títì ìjọba ni, síbẹ̀ mọ́tò kì í gba orí rẹ̀.

Ó dùn ún wò, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn kan ń kọ sábẹ́ àwòrán náà ló mú wa sọ̀rọ̀. "Haba! Ẹ wo ibi tí èèyàn ti ń jayé. Ìgbà wo ni tiwa náà máa rí báyìí?"

Ìdáhùn wa rèé: tiwa ti wà tipẹ́. Adágún ńlá wà. Ibi tí omi yí ká wà. Mọ́tò kò sì sí níbẹ̀. Ohun tí kò sí ni ohun tó ń mú kí ẹni tó wọ ọkọ̀ lọ láàárọ̀ padà wálé ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Kainji. Ọdún 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáàmù yẹn lórí odò Ọya. Ní 1968 omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún, Gowon sì ṣí i ní oṣù Kejì ọdún 1969. Adágún tó tibẹ̀ jáde gùn tó kìlómítà 135, níbi tó sì ti fẹ̀ jù, ó tó kìlómítà 30. Ìyẹn ni pé ó gùn ju ọ̀nà Kàdúná sí Sáríà lọ dáadáa. Omi yẹn gbé ìlú Bussa àtijọ́ mì, Bussa tí Mungo Park kú sí nínú odò lọ́dún 1806. Ó lé ní 40,000 èèyàn tí wọ́n kó kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn kí iná mànàmáná lè wà. Erékùṣù Foge, tó wà láàárín odò kí wọ́n tó kọ́ dáàmù, omi bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tí omi bá fà ni ilẹ̀ rẹ̀ tún ń yọrí.

Lórí adágún yẹn àti létí rẹ̀, abúlé wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń dé ibẹ̀. Ẹ ò ní gbọ́ fèrè mọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé àwọn ará abúlé jókòó ṣòfin pé àwọn kò fẹ́ mọ́tò. Ọ̀nà ni kò sí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Mackinac àti àwọn abúlé yìí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń gbààwẹ̀ àti ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ. Ikùn àwọn méjèèjì ló ṣófo, àmọ́ ọ̀kan mọ ìgbà tí òun máa ṣínu.

Ẹ tún wo nǹkan kan. Àwọn ará Mackinac tó ní kí mọ́tò má wọlé, wọ́n yọ ọkọ̀ áńbúláǹsì, ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ ọlọ́pàá sílẹ̀ nínú òfin wọn. Wọ́n mọ̀ pé ìgbádùn kò dí àìsàn lọ́wọ́. Aboyún tí ìrọbí bá mú lóru ní abúlé kan lórí adágún Kainji ńkọ́? Ọkọ̀ onígi tó ń jò ni áńbúláǹsì rẹ̀.

Ọkọ̀ onígi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ọkọ̀ kan gbéra láti Lokon Minna ní ìpínlẹ̀ Niger, ó ń lọ sí Warra ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Àwọn aláṣẹ sọ nígbà yẹn pé kò yẹ kó kó ju 80 èèyàn lọ. Ó lé ní 150 tó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àpò yẹ̀pẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Ọkọ̀ náà fọ́ lójú omi. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń yọ òkú.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn kan lọ síbi ìgbéyàwó ní abúlé Egboti. Nígbà tí wọ́n ń padà sí agbègbè Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n wọ ọkọ̀ lóru, gbogbo wọn há síbẹ̀, ọkọ̀ dojú dé lórí odò Ọya. Ó lé ní 100 tó kú. Ẹ ronú sí i: èèyàn jẹ, ó mu, ó jó, ó ná owó fún ìyàwó, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́ tó fi di òkú.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, òṣèré Nollywood tí gbogbo wa mọ̀, Junior Pope, ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Ọkọ̀ wọn ní ìjàǹbá lórí odò Anam ní ìpínlẹ̀ Anambra. Èèyàn márùn-ún ló bá a lọ, òun náà wà lára wọn. Gbajúmọ̀ ni, owó wà, ọ̀rẹ́ wà. Omi kò bi í léèrè iye èèyàn tó ń tẹ̀ lé e lórí Instagram.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ọkọ̀ kan gbéra láti Tungan Sule, ó ń lọ sí Dugga, ní agbègbè Malale ní ìjọba ìbílẹ̀ Borgu, etí Kainji níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ lọ kí àwọn tí èèyàn wọn kú ni. Ọkọ̀ wọn forí sọ kùkùté igi lábẹ́ omi, ó sì dànù. Àwọn tó ń lọ bá olóòkú kẹ́dùn ni wọ́n di ẹni tí wọ́n ń bá ará ilé wọn kẹ́dùn.

Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan irú ìròyìn yìí, kí làwọn èèyàn wa ń kọ? "Kádàrá ni." "Ọjọ́ wọn ló pé." "Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i." Wọ́n á fi àwòrán ẹkún méjì kún un, ó parí. Ọ̀la, wọ́n á padà sórí Mackinac.

A kò gbà. Ẹ má bínú sí wa, ṣùgbọ́n a kò gbà. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ séèyàn. A ní àyànmọ́, a sì ní àfọwọ́fà. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún wọn lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ìjì ṣàdédé jà lórí adágún, ìyẹn lè jẹ́ àyànmọ́. Kí a kó èèyàn 150 sínú ọkọ̀ 80, àfọwọ́fà ni. Kí a wọ ọkọ̀ láago mẹ́ta òru láìsí iná, àfọwọ́fà ni. Kí ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó lórí ẹrù láìwọ life jacket, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì yẹn, ẹ má dá Ọlọ́run lẹ́bi. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí awakọ̀ ń gba owó.

Kùkùté igi yẹn náà ńkọ́? Àwọn kan máa sọ pé ta ló mọ̀ pé igi wà lábẹ́ omi. Ìjọba mọ̀! Igbó ni ibẹ̀ kí ó tó di adágún. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí omi kún, wọn kò gé gbogbo igi tó wà nínú rẹ̀ tán. Igi tí omi bò kì í tètè jẹrà, á kàn dúró síbẹ̀ bí amọ̀kùnṣìkà. Tí omi bá ga, ọkọ̀ á kọjá lórí rẹ̀. Tí omi bá fà díẹ̀, igi á sún mọ́ òkè, awakọ̀ kò ní rí i, inú ọkọ̀ ló máa bá a. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Kùkùté Kainji ti lé ní àádọ́ta ọdún lábẹ́ omi, kò sí ìjọba tó mì ín, òun ló wá ń mi ilé onílé.

Àwọn míì á sọ pé, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí ló kàn wá? Ọ̀rọ̀ àwọn ará Borgu, àwọn Núpé àti àwọn Háúsá ni. Àwa wà ní Kàdúná, jẹ́jẹ́ wa là ń ṣòwò."

Ṣé lóòótọ́ ni kò kàn yín? Odò tó ń kọjá lábẹ́ afárá wa, èyí tí ẹ ń gba orí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, orí òkè Jos ló ti ń bọ̀. Ó gba àárín ìlú wa kọjá, ó ṣàn lọ sí Shiroro, níbi tí dáàmù tí wọ́n ṣí ní 1990 ti sé e di adágún míì. Láti Shiroro, ó tún ń lọ títí yóò fi bọ́ sínú odò Ọya, ní òdìkejì agbègbè Pàtígì tí a dárúkọ lókè yẹn. Omi tí ọmọ yín ju òkúta sí ní Kàdúná yìí, ọ̀nà Shiroro ló ń lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ọkọ̀ tó kó àwọn tó ń lọ ná ọjà Zumba dànù ní Shiroro. Odò wa náà ni.

Iná ilé yín ńkọ́? Shiroro lè mú mẹ́gáwáàtì 600 jáde, wọ́n kọ́ Kainji fún 760, Jẹ́bà, tó wà nísàlẹ̀ Kainji lórí odò Ọya kan náà, lè mú nǹkan bíi 578 jáde. Wáyà ńlá tó ń gbé iná láti Shiroro, Mando tiwa níbí ló ń já sí. Ṣé ẹ ti gbàgbé oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí Àríwá bàjẹ́, tí òkùnkùn bò wá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lọ́tùn-ún lósì, tí gbogbo wa ń bú NEPA? Ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ Shiroro kàn wá dáadáa. Kò lè jẹ́ pé iná adágún kàn wá, kí ẹ̀mí àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí iná náà lè wà má kàn wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ẹja ti ń wá àti irú ọkọ̀ tó gbé e gúnlẹ̀.

Ti Borgu náà, ẹ ka ìtàn. Láyé ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1836, àwọn ọba Ìbàrìbá kó ọmọ ogun wọn wá ran Aláàfin Olúewu lọ́wọ́ láti kojú Ìlọrin. Wọ́n bá Ọ̀yọ́ jà, wọ́n bá Ọ̀yọ́ kú. Wọn kò sọ pé kí ló kàn àwọn. Ẹni tó bá ọ kú sójú ogun, kò yẹ kí o máa wò ó níran bí omi ṣe ń gbé e lọ.

Ẹ sì rántí òwe: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọdún 1913 ni ìlú Kàdúná bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn wa sì wà lára àwọn tó tètè débí, nínú iṣẹ́ rélùwéè, nínú ọ́fíìsì ìjọba, nídìí òwò. Ó ti pẹ́ jù láti máa pe ara wa ní àlejò tí ọ̀rọ̀ àdúgbò kò kàn.

Èyí tó tún ń bí wa nínú ni àwọn tó máa ń sọ pé, "Òyìnbó gbọ́n, a kò lè dà bíi wọn." Àwọn yẹn kò mọ bí òyìnbó ṣe gbọ́n. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1915, ní Chicago, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Western Electric ń lọ ṣe fàájì ọdọọdún wọn. Àwọn pẹ̀lú ìyàwó, ọkọ àti ọmọ wọn wọ ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Eastland, wọ́n fẹ́ gba orí adágún Michigan lọ sí ìlú Michigan City. Aṣọ tuntun wà lọ́rùn wọn, oúnjẹ wà nínú apẹ̀rẹ̀, olórin wà nínú ọkọ̀. Èrò inú ọkọ̀ tó nǹkan bí 2,500. Ọkọ̀ náà kò tíì kúrò létí èbúté, okùn ṣì wà lára rẹ̀, tó fi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú odò. Èèyàn 844 ló kú, láàárín ìlú, lójú àwọn tó ń rìn lọ lórí títì. Odindi ìdílé wà tó parẹ́, bàbá, ìyá, ọmọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yẹn ni pé lẹ́yìn tí ọkọ̀ Titanic rì ní 1912, òfin tuntun ní kí ọkọ̀ máa gbé ọkọ̀ kékeré ìgbẹ̀mílà púpọ̀ sí i. Wọ́n kó o lé òkè Eastland, ọkọ̀ tí òkè rẹ̀ ti wúwo tẹ́lẹ̀ wá túbọ̀ wúwo. Ohun ìgbàlà gan-an wà lára ohun tó tì í ṣubú. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ: ká kàn ra nǹkan kò tó. Ká ka iye èèyàn, ká wọn ẹrù, ká mọ ibi tí ọkọ̀ lágbára dé, òun ni ọgbọ́n. Òyìnbó kò bí i mọ́ ọn. Ikú ló kọ́ wọn, wọ́n sì gbà láti kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn adágún tí wọ́n ń ya fọ́tò lórí rẹ̀ lónìí, òkú kún ìsàlẹ̀ wọn.

Bí ẹ bá ní òyìnbó jìnnà jù, Ghana kò jìnnà. Dáàmù Akosombo parí ní 1965, adágún Volta sì tóbi ju Kainji lọ ní ìlọ́po mẹ́fà. Àwọn náà ní kùkùté lábẹ́ omi, ó sì ti rì ọkọ̀ wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n wọ́n gba iléeṣẹ́ òkèèrè láyè láti wọ abẹ́ adágún lọ gé igi náà, torí igi tó dáa ni, owó ni. Wàhálà wọn kò tán, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó kí wọ́n máa pè é ní kádàrá. Pákó tó ń pa èèyàn ní Kainji, wọ́n lè gé e tà.

Ó wá ku tiwa, nínú ilé.

Ẹgbẹ́ pọ̀ láàárín wa ní Kàdúná, ẹgbẹ́ ìlú, ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé orí WhatsApp nìkan ló wà. Tí ọdún bá ń lọ sópin, wọ́n á ní kí a lọ gbafẹ́. Ọdún kan wọ́n á lọ wo omi Matsirga ní Kafanchan. Ọdún míì, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Àbújá, wọ́n á tibẹ̀ lọ Èkó, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay, ibi tí mọ́tò kì í dé bíi Mackinac. A kò lòdì sí i. Ó yẹ kí ọmọ rí ayé. Ó yẹ kí àgbàlagbà na ara.

Ohun tí à ń béèrè ni èyí: nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń ṣètò irú ìrìn bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ aṣọ fún wákàtí méjì. Àwọ̀ wo? Ṣé àǹkárá ni àbí lééèsì? Fìlà ńkọ́? Wọ́n á sọ̀rọ̀ oúnjẹ fún wákàtí kan. Ta ló ń béèrè bóyá ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ ní life jacket tó kárí? Ta ló ń béèrè bóyá èyí tó bá ọmọdé mu wà níbẹ̀? Tí ẹnì kan bá tiẹ̀ béèrè, wọ́n á ní kó má fi ẹnu àìdáa rẹ̀ ba ìrìn àjò jẹ́. Tí wọ́n bá sì dé etí omi, tí awakọ̀ na life jacket sí wọn, "Ó ń rùn." "Á ba lééèsì mi jẹ́." "Kò jẹ́ kí fọ́tò dára." "Á tú gèlè mi."

Ẹ̀yin ìyá wa, a bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n gèlè kì í lúwẹ̀ẹ́. Aṣọ tó bá rin fún omi, ìsàlẹ̀ ló ń fa èèyàn sí. Lééèsì tí ẹ ra lówó gọbọi, òun gan-an ni yóò so ẹsẹ̀ yín pọ̀. Life jacket tó ń rùn yẹn ni aṣọ ẹbí tó tọ́ lójú omi, torí ohun kan náà ló ń sọ nípa gbogbo ẹni tó wọ̀ ọ́: pé wọ́n ní ilé tí wọ́n fẹ́ padà sí.

Ká má sọ̀rọ̀ bíi pé ewu omi nìkan ló wà. Àwa tí a ń gbé Kàdúná mọ ohun tí ọ̀nà ti sọ wá dà. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kó ọmọ rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì lónìí kó forí lé Bussa tàbí Shiroro láti lọ gbafẹ́. Ojú wa rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ ní Papiri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Agwara, agbègbè adágún Kainji níbẹ̀. Ẹ dúró títí ọ̀nà yóò fi dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé orí omi yẹn kò lè dúró. Ọjà wọn, ilé-ìwé wọn, ọsibítù wọn, òdìkejì omi ló wà. Ìrìn tí àwa ń pè ní fàájì, òun ni wọ́n ń rìn lójoojúmọ́ láti jẹun. Àwọn tí agbébọn ń lé lórí ilẹ̀, kò yẹ kí omi tún máa pa wọ́n.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ṣe nìyí, ẹ sì lè jiyàn lórí rẹ̀.

Èkíní, kí gbogbo ẹgbẹ́ Yorùbá ní Kàdúná kọ ọ́ sínú òfin wọn pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò ní wọ ọkọ̀ ojú omi lórúkọ ẹgbẹ́ láìwọ life jacket, láti orí ọmọ ọwọ́ dé orí ààrẹ. Kò sí ìrìn òru. Kí akọ̀wé ka èèyàn kí wọ́n tó gbéra, tí iye bá ju ohun tí ọkọ̀ lè gbé, kí àwọn tó kù dúró de ọkọ̀ kejì. Ẹni tí kò bá gbà, kó jókòó sétí omi kó máa bá wa ṣọ́ ẹrù.

Èkejì, nínú gbogbo owó aṣọ ẹbí tí ẹgbẹ́ bá dá, kí wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fi ra life jacket. Kí wọ́n kó o fún àwọn abúlé etí omi nípasẹ̀ àwọn tó mọ ibẹ̀. Àwọn èèyàn wa wà ní New Bussa, àwọn ọmọ wa ń lọ kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹja tó wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀ kò ṣòro.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ lẹ́tà. Àjọ NIWA tó ń mójú tó omi inú ilẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja. Àjọ HYPPADEC tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àwọn agbègbè tí dáàmù iná wà, Minna ni oríkò rẹ̀ wà, kò sì jìnnà sí wa. Ẹni tí wọ́n fi ṣe Mínísítà ọ̀rọ̀ omi ní 2023, Adégbóyèga Oyètọ́lá, ọmọ Ìràgbìjí ni, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀: ẹ yọ kùkùté Kainji. Èyí tí ẹ kò bá lè yọ lọ́dún yìí, ẹ fi àmì sí i lórí omi kí awakọ̀ lè rí i. Orí kan náà ni kí gbogbo ẹgbẹ́ fi ọwọ́ sí. Ohùn ẹnì kan, wọ́n á ní ariwo ni. Ohùn ogójì ẹgbẹ́, wọ́n á wá àga fún un.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́ ọmọ yín ní omi lílúwẹ̀ẹ́. Odò ńlá gba àárín ìlú wa kọjá, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa, tí wọ́n bá já sínú rẹ̀, òkúta ni wọ́n.

A mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni gbogbo èyí. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Ṣùgbọ́n ìjọba tí kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, kí ni yóò jí i?

Wọ́n máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Lóòótọ́, kò ní ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìbátan. Kò mọ Yorùbá yàtọ̀ sí Núpé, kò mọ ẹni tó gbààwẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó gba oúnjẹ Olúwa. Ohun tó mọ̀ ni ẹni tó wúwo àti ẹni tó léfòó.

Nítorí náà, tí ẹ bá tún rí àwòrán Mackinac, ẹ gbádùn rẹ̀. Ẹṣin náà dára, ilé náà dára. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín ìdí tí ẹ̀rù kò fi bà wọ́n. Ibẹ̀ ni kí ìlara wa wà.

Ààrẹ ẹgbẹ́, akọ̀wé, ìyá ẹgbẹ́, ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ yín sísàlẹ̀ níbí tí ẹ bá máa fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Ẹni tó ní àríyànjiyàn, kó mú un wá, a ò ní bínú. Ẹni tó bá kàn fẹ́ kọ "kádàrá ni", kó kọ́kọ́ wo ọmọ rẹ̀ lójú ná.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ gbogbo ẹni tó wà lójú omi lónìí. Kí àwa náà sì bá a ṣọ́ wọn.